Ó ní òun ti ṣe é, kò ṣe nǹkan kan: ojú mi rí nǹkan lórí sẹ́tìn àkọsílẹ̀ ìjàǹbá

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Data ₦9,000 ni mo jó, ọjọ́ mẹ́ta gbáko sì lọ sí i, lórí nǹkan tí kò ju ìlà méjì lọ. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Kàbà níbí ni mo ti ń bá kọngílá kan ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń rí sí sáfẹ́tì, àti kọ̀ǹpútà náà (ẹ ṣáà mọ̀ pé tí wọ́n bá ti rí i pé o mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ti di tìẹ nìyẹn). Sàìtì 11 la ní, láti Ìyàrà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, inú sọ́fítíwíà kan la sì ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ sí. Ìṣó gún kápẹ́ńtà kan lẹ́sẹ̀ ní sàìtì Ìsánlú, fóómaànù fi fóònù rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kò gbàgbé ohunkóhun. Ọjọ́ karùn-ún lẹsẹ̀ wú, wọ́n gbé e lọ sí hòsípítù, ìgbà yẹn ni ọ̀gá wa tó wà ní Àbújá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Kí ló dé tí o fi ń fi nǹkan pamọ́ fún mi?" Èmi! Mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Sẹ́tìn ló wà níbẹ̀ tó sọ pé kí gbogbo àkọsílẹ̀ tuntun jẹ́ private, ẹni tó kọ ọ́ àti admin nìkan ló ń rí i, ọ̀gá kì í sì í ṣe admin.

Kí n wá ṣí sàìtì 11 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí bíráúsà, pẹ̀lú nẹ́tíwọ̀kì wa yìí tí péèjì kan á máa yí bí ọlọ? Mo ní rárá, API ni màá gbà, ìyẹn ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń bá sọ́fítíwíà sọ̀rọ̀ láì ṣí péèjì, mo gbọ́ Python (èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gba client ID àti secret (bí orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí), tí wọ́n fi ń gba tókìnì (ìyọ̀ǹda ìgbà díẹ̀ láti wọlé), ìyẹn ò le, mi ò ní fi dà yín láàmú. Inú sandbox, ibi àdánwò tí kò kan iṣẹ́ gidi, ni mo ti kọ́kọ́ dán an wò, ibẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo fi PATCH, àṣẹ tí wọ́n fi ń yí nǹkan padà, ránṣẹ́ pé kó sọ private di false (rárá). Ó dá mi lóhùn: 200 OK, ìyẹn ni pé ó ti ṣe é. Inú mi dùn, mo lọ jẹun. Mo padà dé, mo fi GET, àṣẹ tí wọ́n fi ń wo nǹkan, wò ó, true (bẹ́ẹ̀ ni) ló ṣì wà níbẹ̀. Mo tún ránṣẹ́, 200. Mo wò ó, true. Ó dà bíi kí èèyàn rán ọmọ níṣẹ́, kọ́mọ náà ní "ẹ̀n, mo ti lọ," kó má sì kúrò lórí ìjókòó. Ká ní ó bú mi ni, ká ní ó fún mi ní 422, pé ohun tí mo fi ránṣẹ́ ò tọ̀nà, ǹ bá mọ ibi tí màá wò.

Mo rò pé cache (ẹ̀dà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi pamọ́) ni, mo dúró títí di àárọ̀. Mo rò pé bóyá mo fi àmì ọ̀rọ̀ sí "false" ni, rárá o. Mo lo PUT, àṣẹ mìíràn tí wọ́n fi ń yí nǹkan padà, ó ní 405, ìyẹn ni pé wọn ò gba àṣẹ yẹn níbẹ̀. Nẹ́pà mú iná lọ, mo tan jẹnẹrétọ̀, nígbà tí n ó fi padà sídìí ẹ̀ tókìnì ti kú, 401, mo tún lọ gba òmíràn. Mo gun ọ̀kadà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà torí nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ dáa díẹ̀, mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò fóònù bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. 200. True. 200. True.

Àbúrò mi tó wà ní Lọ́kọ́jà ni mo wá pè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èsì tí GET fún yín, ẹ wo bó ṣe tò ó." Mo wò ó. Sẹ́tìn yẹn ò dá dúró, inú àpò kan tó ní orúkọ tiẹ̀ ló wà, èmi sì ti ń jù ú síta lásán láti ọjọ́ yìí. Bí ẹni da ọ̀lẹ̀lẹ̀ sínú omi gbígbóná láì pọ́n ọn léwé. Ohun tí API náà ò bá dá mọ̀, ṣe ló ń dà á nù wẹ́rẹ́, táá sì ní ohun gbogbo dáa. Ọjọ́ méjì ni èsì yẹn fi wà níwájú mi! Mo pọ́n ọn léwé, mo fi ránṣẹ́, false. Mo pariwo débi pé oníṣọ́ọ̀bù bi mí bóyá mo jẹ tẹ́tẹ́.

Lórí ojúlówó, tí kì í ṣe sandbox, ó kọ́kọ́ fún mi ní 403 (pé mi ò láṣẹ) torí mi ò fi nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ sí header, ibi àlàyé tó ń ṣáájú ìránṣẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi yanjú ìyẹn. Mo wá kọ lúùpù, ìyẹn àṣẹ tó ń tún iṣẹ́ kan náà ṣe fún gbogbo wọn, sàìtì 11 kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ kí mi o!

Àṣé sẹ́tìn náà kì í kan àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́, èyí tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn ẹ̀ nìkan ló ń mú. Ti kápẹ́ńtà ọjọ́sí ṣì wà ní private, òun àti 26 mìíràn, àfi kí n ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tiẹ̀ fẹ́ fi lúùpù ṣí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo dúpẹ́ pé mo kọ́kọ́ kà wọ́n, torí àìsàn ẹnì kan wà nínú ọ̀kan níbẹ̀ tí kò kan gbogbo èèyàn. Ìyẹn wà ní private títí dòní.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ fi GET gba sẹ́tìn àtijọ́ pamọ́ sínú fáìlì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ wo bó ṣe tò ó dáadáa, kẹ́ ẹ sì tún fi GET wò ó lẹ́yìn PATCH kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gba 200 gbọ́ jàre.

Lánàá ni ọ̀gá pè mí. Mo ti ń múra ìdáhùn ẹ kú iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àlẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú nìkan, ìgbà mẹ́fà ni fóònù àwọn dún torí àkọsílẹ̀ tuntun, ṣé mi ò lè wá nǹkan ṣe sí i ni.