Bí mo ṣe lu gúdúgúdú lẹ́yìn bàbá olórin l'Ọ́fà

Gángan ni mo máa ń lù. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ̀ lé ọ̀gá mi jáde láti Pàkátà, n'Ílọrin, lọ sí òde ìnáwó, ó sì ti mọ́ mi lára kí ojú èèyàn máa wà lára mi. Ìdí nìyẹn tí inú mi kò fi dùn nígbà tí ọ̀gá pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé gúdúgúdú, ìlù kékeré tí ojú èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ wà lára ẹni tó ń lù ú, ni màá lù níbi ìgbéyàwó kan l'Ọ́fà. Ẹni tó ń lù ú fún wa ti lọ sí Ìbàdàn. Bàbá olórin kan tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún ni a ó gbè lẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

Ẹ̀rù kan wà lọ́kàn mi tí n kò sọ fún ọ̀gá. Níbi ìkómọjáde kan lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo lu gángan bo olórin mọ́lẹ̀ débi pé ó gbé ẹnu kúrò lára máìkì, ó ń wò mí. Àwọn èèyàn ń lẹ owó mọ́ mi níwájú orí, n kò tètè mọ̀ pé orin ti dá. Ojú tí arákùnrin yẹn fi wò mí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Mo wá pinnu pé bàbá àgbà yìí kò ní fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò mí.

N kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìlù rárá. Mo wọ mọ́tò, mo gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ọ̀fà, mo lọ jókòó ti bàbá lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, èmi ni màá lu gúdúgúdú yín. Mo wá gbọ́ bí ẹ ṣe ń kọrin ni." Ó wò mí díẹ̀, ó bi mí ní oríkì mi, mo ní Àlàó. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ibi tó ti ń mí ni mo ń ṣọ́. Èmi rò pé ìparí ìlà orin ni gbogbo èèyàn ti ń mí. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, ó máa mí níbẹ̀, kó tó wá gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Onílù tí kò bá mọ̀ á rò pé ìlà ti tán, á sì da ìlù bo ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù. Mo tún rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ló fi ń lu ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ lè fà sẹ́yìn, ó sì lè yà sí ibi tó wù ú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn kì í yẹ̀. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi fóònù gba orin mẹ́ta sílẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó di ọwọ́ mi mú. "Àlàó, ẹ gbé mi o. Ẹ má tì mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé délé.

Fún ẹni tí kò bá mọ gúdúgúdú: ìlù kékeré kan ni nínú ọ̀wọ́ ìlù dùndún. Ọrùn la máa ń gbé e kọ́, ojú kan ṣoṣo ló sì ní. Kò ní ọṣán tí a lè fún kí ohùn rẹ̀ lọ sókè sódò, nítorí náà kò lè sọ̀rọ̀ bí ìyá ìlù tí ọ̀gá ń lù. Awọ líle méjì tí a lọ́ la fi ń lù ú, a sì máa ń fi ìda sí àárín ojú rẹ̀. Tiwa ti gbẹ nígbà yẹn, ohùn rẹ̀ ń han gooro. Ọ̀gá ní bó bá han báyẹn, á máa bá ohùn bàbá jà, torí ohùn òkè ni bàbá fi ń kọrin. Mo fi ìda kún un díẹ̀díẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi rọlẹ̀ sísàlẹ̀ ohùn bàbá.

Alaalẹ́ ni mo ń fi orin inú fóònù dánra wò. Ìlù kan náà, ọwọ́ méjì, n kò gbọdọ̀ yí i padà. Èyí le ju bí mo ṣe rò lọ! Ọwọ́ onígángan ń yún mi, ó ń wá ibi tó máa ya gbà. Ṣùgbọ́n bí alẹ́ ti ń gorí alẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ rí. Tí ìyá ìlù bá ń rìn kiri tó ń pa òwe, torí pé gúdúgúdú kò kúrò lójú kan ni. Orí rẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ oníjó ń dúró lé. Gbogbo ọdún tí mo fi ń lu gángan, ẹnìkan ló ń gbé mi tí n kò sì kíyè sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé ọ̀hún, mo bẹ ọmọ tó ń bójú tó ẹ̀rọ pé kó gbé máìkì kúrò níwájú mi. Mo wá dúró síbi tí mo ti lè rí ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá.

Orin àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Nínú ìkejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í náwó fún ọmọkùnrin tó ń lu ìlù ìṣaájú, ni ó bá ń sáré. Mo rí i tí èjìká bàbá ń lọ sókè sódò, ó ń wá èémí. Mi ò lè pariwo mọ́ ọmọ yẹn lójú agbo. Mo sún mọ́ ọn títí apá wa fi fẹ́ kanra, mo mú gúdúgúdú le sí i létí rẹ̀, bí ẹsẹ̀ bàbá ṣe ń lọ gẹ́lẹ́. Ó tó bí ìlà orin mẹ́rin kó tó padà sí ojú ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ni bàbá fi orin sílẹ̀, ó bọ́ sínú oríkì. Ó ki àwọn òbí ìyàwó, ó ki Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ó ki ìjàkadì tí í ṣe orò Ọ̀fà. Oríkì kì í tẹ̀ lé ìlù bí orin ṣe ń tẹ̀ lé e, nítorí náà gbogbo wa rọ ìlù sílẹ̀. Ọwọ́ kan péré ni mo fi ń lù, ìyá ìlù nìkan ló ń pe orúkọ tẹ̀ lé e. Àfi bí bàbá ṣe dákẹ́. Orin tó kàn ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọkàn mi já. Mo wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀: ó ṣì ń lu ilẹ̀. Mo mọ̀ pé kò tíì bọ́. Mo dá ọwọ́ kejì padà wẹ́rẹ́, n kò lù ú sókè, n kò sì sáré. Ọ̀gá fi ìyá ìlù sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ orin náà, bí ẹni ń sọ ọ́ sí àgbà létí. Bàbá gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé orin, àwọn elégbè sì gbà á. Agbo dìde, wọ́n rò pé bí a ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n tú ká, bàbá jókòó, ó bọ́ fìlà, ó ní kí n bá òun wá omi. Ó mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Àlàó, àyà ò ro mí lónìí."

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó wá bi mí pé ìgbà wo ni ẹni tó lọ sí Ìbàdàn ń bọ̀. Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Ó ní kí n sọ fún ọ̀gá mi pé kí n ṣì máa bá wọn gbé gúdúgúdú yẹn lọ́wọ́ ná.