IBS: bí ẹ ṣe lè mọ oúnjẹ tó ń da inú yín rú

Inú á máa run, á le bí awọ ìlù, ìgbẹ́ á ṣàn lónìí, lọ́la kò ní jáde rárá. Síbẹ̀ àyẹ̀wò kò ní rí egbò kankan nínú ìfun. Ohun tí dókítà ń pè ní IBS (irritable bowel syndrome) nìyẹn. Kì í ṣe jẹ̀dí-jẹ̀dí. Àgbo jẹ̀dí máa ń ṣí inú ni, ẹni tí ìgbẹ́ ti ń ṣàn fún tẹ́lẹ̀, ṣe ló ń dá kún un.

Àmọ́ bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ẹ ń rù láìgbààwẹ̀, tí ìgbẹ́ ń jí yín lóru, tàbí tó jẹ́ pé ẹ̀yìn tí ẹ pé ọmọ ọdún 50 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Ilé ìwòsàn OAUTHC wà ní Ifẹ̀, ilé ìwòsàn Wesley Guild wà ní Iléṣà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí ni àlùbọ́sà. Ṣúgà kan wà nínú rẹ̀ tí ìfun kékeré kò lè lọ̀. Bó bá dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò ibẹ̀ á sọ ọ́ di afẹ́fẹ́, inú á sì wú. Inú omi ni ṣúgà yìí ti ń yọ́, kì í yọ́ nínú òróró. Nítorí náà, ẹ gé àlùbọ́sà ní ńláńlá, ẹ dín in nínú òróró nìkan títí òórùn rẹ̀ á fi jáde, kí ẹ wá ṣa gbogbo rẹ̀ kúrò kí ata lílọ̀ tó wọlé. Bí ata bá bá a níbẹ̀, omi ata á fa ṣúgà náà jáde, ó ti wọnú ọbẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe. Ewé àlùbọ́sà tútù kò ní wàhálà.

Kí ẹ lè mọ èyí tó ń da inú yín rú, fún ọ̀sẹ̀ 4, ẹ yọ àlùbọ́sà, aáyù, ẹ̀wà, búrẹ́dì, mílíìkì, wàrà, máńgòrò àti oyin kúrò. Ìrẹsì, ẹ̀kọ, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́, kárọ́ọ̀tì, ọsàn àti ìbẹ́pẹ ṣì wà. Ta ló máa ní kí Ìjẹ̀ṣà pa iyán tì? Ẹ jẹ ẹ́, kó má ju ẹ̀ṣẹ́ kan lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ má sì febi pa inú. Ẹni tó ń tajà ní Àtàkúnmọ̀sà, tí kò fẹnu kan nǹkan títí di agogo 4, tó wá jẹ àjẹkì lálẹ́, inú rẹ̀ kò ní sinmi. Omi ife 8 lóòjọ́, tíì àti kọfí kó má ju ife 3 lọ. Oúnjẹ àárọ̀ máa ń ta ìfun ńlá jí. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20, ẹ lọ jókòó sí ilé ìgbẹ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré, ẹ má fipá yàgbẹ́.

Bí ara bá ti rọ̀, ẹ dá oúnjẹ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀wà, fún àpẹẹrẹ: ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi nù, ẹ sè é díẹ̀, ẹ tún da omi nù, kí ẹ tó sè é jinná. Síbí 2 lọ́jọ́ kìíní, 4 lọ́jọ́ kejì, 6 lọ́jọ́ kẹta. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ jẹ ẹ́ àti bí inú ṣe rí sínú ìwé, kí ẹ sinmi ọjọ́ 3 kí ẹ tó dán òmíràn wò. Èyí tí inú bá gbà, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ. Bí ọ̀sẹ̀ 4 bá sì pé tí nǹkan kan kò yí padà, oúnjẹ wọ̀nyí kọ́ ló fà á. Ẹ dá gbogbo wọn padà, kí ẹ tún bá dókítà sọ̀rọ̀.