Bí A Ṣe Ń Wádìí Káúńtì Ìgbèríko Kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Amẹ́ríkà: Ẹ Jẹ́ Ká Fi Esmeralda ní Nevada Ṣe Àpẹẹrẹ

Iye ènìyàn ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ sáré lọ wò. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì já mi kulẹ̀. Mo rí i pé ìkànìyàn 1910 ka ènìyàn 9,369 ní Esmeralda, ti 1920 sì ka 2,410. Kíá, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wúrà tán, àwọn ènìyàn sì kó lọ. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀nà tí mò ń gbà báyìí nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ máàpù sílẹ̀

Káúńtì fara jọ ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. Abẹ́ ìpínlẹ̀ ló wà, ó ní ilé ẹjọ́ tirẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ ló sì ń dìbò yan ṣẹ́rífù, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá rẹ̀. Títóbi rẹ̀ ló lè yani lẹ́nu. Esmeralda fẹ̀ tó nǹkan bíi 9,295 kìlómítà níbùú lóòró. Ẹni tó bá mọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kó fojú inú wò ó láti Ìkirè títí dé Ìlá, torí bó ṣe fẹ̀ mọ náà nìyẹn. Lórí gbogbo ilẹ̀ yẹn, ènìyàn 729 ni ìkànìyàn 2020 bá níbẹ̀. Mo ti jẹun níbi ìgbéyàwó tí èrò rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kọ orúkọ àwọn tó bá a pààlà sílẹ̀: Mineral àti Nye ní Nevada, Mono àti Inyo ní California. Ẹ má sọ ìwé yẹn nù, ó máa wúlò láìpẹ́.

Ẹ béèrè omi

Òkè Sierra Nevada ní California ló ń gba òjò tó ń ti òkun bọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń ṣẹ́ kù fún Nevada lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, aṣálẹ̀ ni: òkè kan, àfonífojì kan, òkè mìíràn. Omi tó bá ṣàn sínú àfonífojì wọ̀nyí kì í rọ́nà dé òkun. Oòrùn á fà á gbẹ, iyọ̀ á kù nílẹ̀. Boundary Peak, òkè tó ga jù lọ ní Nevada (4,007 mítà), wà létí ìwọ̀-oòrùn káúńtì náà, ó ku díẹ̀ kó bọ́ sí California. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ní Fish Lake Valley, ni wọ́n ti ń rí omi gbin koríko alfalfa fún ẹran ọ̀sìn.

Àwọn Shoshone àti Paiute, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ti mọ ibi tí omi wọ̀nyí ti ń sun kí ẹnikẹ́ni tó pe ibẹ̀ ní káúńtì. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn ní 1861, ọdún tí wọ́n dá káúńtì náà sílẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ náà ṣófo.

Ẹ tọpa olú-ìlú rẹ̀

Ibí ni adùn ọ̀rọ̀ wà. Olú-ìlú mẹ́ta ni Esmeralda ti ní. Àkọ́kọ́ ni Aurora, ìlú ìwakùsà tí Samuel Clemens, òǹkọ̀wé tí ayé wá mọ̀ sí Mark Twain, ti gbé dígà àti ṣọ́bìrì wá wúrà ní 1862. Ní oṣù kẹrin 1861, California dá káúńtì Mono sílẹ̀, ó fi Aurora ṣe olú-ìlú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Nevada dá Esmeralda sílẹ̀, Aurora náà ló sì fi ṣe olú-ìlú. Ìlú kan, ọkọ méjì! Nígbà ìdìbò 1863, àwọn ará ìlú dìbò fún ìjọba méjèèjì. Lẹ́yìn tí àwọn awọnlẹ̀ wọn ààlà tán ni wọ́n tó mọ̀ pé Nevada ló ni wọ́n.

Ní 1883, olú-ìlú kó lọ sí Hawthorne. Ní 1907, ó kó lọ sí Goldfield, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní, nínú ilé ẹjọ́ tí wọ́n kọ́ ní ọdún náà gan-an.

Wàyí o, ẹ wá Aurora àti Hawthorne lórí máàpù òde òní. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn ní Esmeralda! Mineral ni àwọn méjèèjì wà, torí pé ní 1911 ni wọ́n gé Mineral kúrò lára Esmeralda. Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi wà. Ilẹ̀ tí wọ́n kà ní 1910 kọ́ ni wọ́n kà ní 1920. Apá kan ènìyàn wọ̀nyẹn kò kó lọ síbì kankan. Ààlà ló kó wọn lọ.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó ka iye ènìyàn

Ẹ to ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá sílẹ̀, kí ẹ sì fa ìlà síbi tí ààlà ti yí padà. Bí ẹ bá fẹ́ fi 1910 wé 1920, ẹ ro Esmeralda àti Mineral pọ̀.

Ìkànìyàn náà ní àlébù mìíràn: ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1902, Harry Stimler àti William Marsh rí wúrà níbi tó di Goldfield. Láàárín ọdún díẹ̀, ìlú náà ti ní nǹkan bí 20,000 ènìyàn. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án 1906, Joe Gans, aláwọ̀ dúdú ọmọ Baltimore tó jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, bá Battling Nelson jà níbẹ̀ nínú oòrùn aṣálẹ̀. Ráùndì 42 ni wọ́n jà kí rẹfirí tó lé Nelson torí pé ó gbá Gans nísàlẹ̀ ìgbànú. Nígbà tí àwọn akànìyàn fi máa dé ní 1910, ènìyàn 4,838 péré ló kù ní Goldfield. Nínú ìwé ìkànìyàn, 20,000 yẹn kò sí rí. Inú ìwé ìròyìn àtijọ́ àti lára ilé ni ẹ ti máa rí wọn: òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́rin tó ṣí ní 1908 ṣì dúró níbẹ̀, láìsí àlejò. Àgbàrá òjò bá ìlú náà jà ní 1913, iná sì jó púpọ̀ nínú rẹ̀ ní 1923.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe jẹun báyìí

Ní Silver Peak, láti 1966, wọ́n ń fa omi oníyọ̀ láti abẹ́ adágún gbígbẹ, wọ́n ń dà á sínú àwọn kòtò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, oòrùn sì ń fà á gbẹ títí lithium, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì, á fi ṣeé kó. Oòrùn tó lé àgbẹ̀ níbẹ̀ ló ń bá wọn ṣiṣẹ́.

Ẹ tún wo ibi tí àwọn ọmọ ti ń kàwé. Ilé ẹ̀kọ́ Esmeralda kò kọjá kíláàsì kẹjọ. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe girama, Tonopah ló ń lọ, nínú káúńtì Nye. Bí ẹ bá wá ń ka iye akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Nye, ẹ rántí béèrè ilé ta ni díẹ̀ nínú wọn ti ń jáde láàárọ̀.