Ẹ má sáré lọ síwájú

Ẹ̀yin ará, bí ẹgbẹ́ eléré olórin bá tún gbé eré wá sí Centenary Hall l'Áké, l'Abẹ́òkúta, ẹ má sáré lọ jókòó síwájú pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ sípíkà nibẹ̀. Ariwo rẹ̀ á bo ohun tí gángan ń sọ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlù gan-an ló ń sọ̀rọ̀ tó dùn jù. Àárín gbọ̀ngàn ló dáa. Ẹ sì tètè dé: láti ayé Hubert Ògúndé, àgbà òṣèré orí ìtàgé, ọmọ Ọ̀sọsà, ni orin àti ijó ti máa ń ṣíde eré. (Mo pẹ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n ti jó tán kí n tó rí àga.) Ẹ mú abẹ̀bẹ̀ dání, àti owó wẹ́wẹ́ tí ẹ ó ná fún onílù. Ọkọ̀ tó máa gbé yín padà, ẹ ti bá awakọ̀ rẹ̀ sọ ọ́ kí ẹ tó wọ gbọ̀ngàn.