Ẹ yé e fowó ṣòfò lórí free agent: àwọn àṣìṣe tó ń bí mi nínú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ líìgì baseball orí kọ̀ǹpútà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́, torí tí ọjà free agent (àwọn agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn wọn ti parí, tí ẹgbẹ́ èyíkéyìí lè rà) bá ti ṣí báyìí, ìnákúnàá á bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó gidi la dá síbẹ̀ o. Ìyàwó mi ní ẹni tó ń bá kọ̀ǹpútà jà láago méjì òru, ó yẹ kí wọ́n yẹ orí ẹ̀ wò. Kò parọ́.

1. Ẹ má torí ọdún kan ṣoṣo ra èèyàn. Háà! Ẹ wo Jacoby Ellsbury, home run (bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá jáde kúrò nínú pápá) 32 ní 2011, kò tún ju 16 lọ lọ́dún kankan mọ́ láyé ẹ̀, ẹgbẹ́ Yankees ṣì kó mílíọ̀nù 153 dọ́là fún un fún ọdún méje, lẹ́yìn 2017 kò tún gbá bọ́ọ̀lù mọ́, owó ṣì ń wọlé. Chris Davis ńkọ́? Home run 47 ní 2015, ni ẹgbẹ́ Orioles bá fọwọ́ sí mílíọ̀nù 161. Láàárín 2018 sí 2019, at-bat (ìgbà tó dúró láti gbá bọ́ọ̀lù) 54 léraléra, hit (bọ́ọ̀lù tó gbá tó fi dé base) kan ò jáde! Bẹ́ẹ̀ 2014 tó ṣáájú, .196 ló gbá (kò tó hit méjì nínú at-bat mẹ́wàá), ó wà nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀ gbangba, ìlà kan péré lókè 2015. Mo á sọ ọ́ tán, ẹnì kan á tún ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí ohun tó ṣe lọ́dún tó kọjá?" Ó ti rẹ ẹ̀gbọ́n yín o jàre.

2. Ọjọ́ orí. Àwọn agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ lo ọdún 6 nínú líìgì ńlá (MLB, líìgì gidi) kí wọ́n tó di free agent, torí náà ọ̀pọ̀ ti ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó dọ́jà. Albert Pujols ti fẹ́ẹ̀ pé ọmọ ọdún 32 tí ẹgbẹ́ Angels fi fún un lọ́dún mẹ́wàá, mílíọ̀nù 240. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ẹ̀, 2021 ni wọ́n ní kó máa lọ.

3. Denver, ìlú ẹgbẹ́ Rockies. Orí òkè ni, atẹ́gùn ibẹ̀ fúyẹ́, bọ́ọ̀lù ń fò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹni tó ti ibẹ̀ wá, ẹ ya ohun tó gbá nílé sọ́tọ̀.

Ara tí ò le ńkọ́? Anthony Rendon tí Angels fún ní mílíọ̀nù 245, láti 2021 dé 2024 kò sọ́dún tó gbá tó ìdíje 60 nínú 162.

Qualifying offer náà (àdéhùn ọdún kan tí ẹgbẹ́ tó ń fi sílẹ̀ fi lọ̀ ọ́), ẹ máa ń gbàgbé ẹ̀: tí agbábọ́ọ̀lù náà bá ti kọ̀ ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú un lẹ máa pàdánù draft pick (àǹfààní láti yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun).

Mi ò ní kẹ́ ẹ má náwó o. Ẹgbẹ́ Nationals fún Max Scherzer, pitcher (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù), ní mílíọ̀nù 210, ó gba Cy Young (àmì ẹ̀yẹ pitcher tó dáa jù) 2016 àti 2017, wọ́n gba World Series (ìdíje àṣekágbá) ní 2019. Àmọ́ kí wọ́n tó rà á, ní Detroit, 2013 àti 2014, lọ́dún méjèèjì, innings (abala ìdíje) tó fi ju bọ́ọ̀lù lé ní 200. Ọdún mẹ́ta ni kẹ́ ẹ wò, ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó pe iye. Ẹni tó bá tún torí ọdún kan pe 30 mílíọ̀nù, kó má wulẹ̀ wá sunkún sí mi létí.