Ẹ Yéé Da Kẹrosíìnì sí Titanium: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Onílathe Ìkòròdú

Iná tó jó ṣọ́ọ̀bù kan lọ́dọ̀ wa ní Odògùnyàn ló bí ìwé yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gé irin bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, a kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń de irin mọ́ lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí abẹ lè gé e. Ohun kan ṣoṣo la bá wá: ẹ yéé da kẹrosíìnì àti ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù sórí titanium, irin líle tó fúyẹ́ yẹn.

Bí ẹ bá ń gé irin lásán, ẹ̀rún irin tí abẹ gé jáde ló máa ń gbé èyí tó pọ̀ nínú ooru lọ. Titanium kì í tètè gbé ooru, ẹnu abẹ ló ń jókòó sí, ibẹ̀ náà ni abẹ ti ń jó. Omi ló lè gbé e kúrò. Kẹrosíìnì kò lè tù ú tó, ó sì ń gbiná.

Ohun tí ẹ ó máa dà sí i nìyí: soluble oil (ọ́ìlì tó máa ń pò mọ́ omi) lítà 2, omi lítà 18. Omi ni kó kọ́kọ́ wọ korobá, kí ẹ wá máa da ọ́ìlì sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ da ọ́ìlì, yóò dì mọ́ ọn lọ́wọ́. Omi òjò ló dára jù. Ẹ má fọwọ́ kan omi kànga etí ọ̀sà tó níyọ̀: iyọ̀ ń ya ọ́ìlì kúrò lára omi, ó ń mú ẹ̀rọ dógùn-ún, ó sì lè mú kí titanium tó bá padà wọ iná sán.

Kó máa ṣàn dáadáa lé ibi tí abẹ ti kan irin, kó má dáwọ́ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi ń tọ́ ọ kì í ṣe ìtútù! Bí pọ́ǹpù bá kú, ẹ fa abẹ kúrò, ẹ pa ẹ̀rọ. Pẹ̀lú abẹ carbide (abẹ tó le gan-an), ọ̀pá titanium tó fẹ̀ tó mílímítà 50 kò gbọdọ̀ yí ju ìgbà 280 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Abẹ kò sì gbọdọ̀ máa ha ojú kan láìgé.

Ẹ̀rún wẹ́wẹ́ ni iná fẹ́ràn. Ẹ kó o sínú páànù olómọrí kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù lálaalẹ́, ẹ má sì gbé e lọ sílé. Bó bá gbiná, ẹ má da omi sí i rárá: gáàsì tó ń bú gbàù ni yóò ti inú omi yẹn jáde. Yanrìn korobá 2 ni kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kó gbẹ táútáú. Yanrìn etí ọ̀sà tó ṣì tutù, omi ló wà nínú rẹ̀; ẹ sá a sóòrùn kí ẹ tó gbé e wọlé.