Bí ẹ ṣe máa yan ε(t) kí ojútùú lè gúnlẹ̀ síbi tó yẹ

Ká ní f jẹ́ fọ́ńṣọ̀n convex (tó rí bí abọ́) nínú ààyè Hilbert (ààyè tí a ti lè wọn gígùn àti igun, tí dímẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ sì lè má lópin), tí ibi tó ti kéré jù lọ sì pọ̀. Ìdọ́gba x′ = −∇f(x), níbi tí ∇f ti jẹ́ gradient (ìhà tí f ti ń ga jù), á gbé wa dé ọ̀kan nínú wọn, àmọ́ ibi tí a ti gbéra ló ń pinnu èwo. Nínú ààyè tí dímẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ kò lópin, ó tiẹ̀ lè má ju ìgúnlẹ̀ weak (ìgúnlẹ̀ aláìlágbára) lọ: àlàfo tó wà láàárín x(t) àti ibi tó ń lọ lè má di odo láé. Onímọ̀ ìṣirò Baillon fi àpẹẹrẹ rẹ̀ hàn ní 1978.

Àtúnṣe Tikhonov ni x′ = −∇f(x) − ε(t)x; ε(t) jẹ́ nọ́ńbà tó ju odo lọ, tó ń yí padà bí àkókò t ṣe ń lọ, tó sì ń fa x padà síhà odo. Kí ε máa lọ sí odo, kí integral rẹ̀ (àpapọ̀ iye rẹ̀ lórí gbogbo àkókò) sì jẹ́ àìlópin. Nígbà náà, àlàfo yẹn á di odo lóòótọ́, ibi tí x(t) á sì gúnlẹ̀ sí ni èyí tí gígùn rẹ̀ (bó ṣe jìnnà sí odo) kúrú jù nínú gbogbo wọn.

Ẹ mú f(x, y) = ½(x+y−2)². Gbogbo ibi tí x+y = 2 ló kéré jù; (1, 1) ló kúrú jù. Ẹ gbéra láti (4, 0), kí ẹ wá pe x+y ní s, x−y ní d:

s′ = −2(s−2) − εs
d′ = −εd

Ìlà kejì ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Láìsí ε, d ò ní kúrò ní 4, (3, −1) la ó sì bá ara wa. Ẹ lo ε = 1/(1+t) pẹ̀lú ọ̀nà Euler (kí ẹ máa fi ìgbésẹ̀ kéékèèké tí gígùn wọn jẹ́ h tẹ̀ lé ìdọ́gba náà), h = 0.1, ìgbésẹ̀ 990: d á sọ̀kalẹ̀ sí 0.036, ẹ ó sì rí (1.013, 0.977).

Ẹ wá fi 1/(1+t)² dípò rẹ̀. Integral rẹ̀ kò ju 1 lọ, nítorí náà d ò lè lọ sísàlẹ̀ ju 4/e, ìyẹn 1.47. Ìdọ́gba náà á dúró ní nǹkan bí (1.74, 0.26). ε ti kú kó tó parí iṣẹ́. Bí ẹ bá sì fi ε sílẹ̀ ní 0.1 láìyí i padà, (0.952, 0.952) lẹ ó dé, kì í ṣe (1, 1).

Ẹ má torí pé f ti kéré dá iṣẹ́ dúró. Ní t = 19, f ti di nǹkan bí 0.0012, síbẹ̀ d ṣì wà ní 0.18. Àyẹ̀wò tó dájú jù ni kí ẹ tún un ṣe láti ibòmíràn, bíi (0, 4). Bí ε bá dára, ibì kan náà ni méjèèjì á pàdé. Pẹ̀lú 1/(1+t)², wọn ò ní pàdé láé.

Ní ti h, kó má tó 2/3 níhìn-ín, nítorí 2/(2+ε) ni ààlà rẹ̀, ε sì jẹ́ 1 níbẹ̀rẹ̀. Bí h bá ju 1 lọ, s á máa fò síwá sẹ́yìn, á máa tóbi sí i títí nọ́ńbà á fi bàjẹ́.

Bí ẹ bá ń fi ọ̀pèrétọ̀ maximal monotone (ìdílé tó gbòòrò tí ∇f jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀) tí kì í ṣe gradient rọ́pò ∇f, integral àìlópin nìkan ò tó. Kí ε má máa lọ sókè-sódò láìdẹ́kun: àpapọ̀ gbogbo ìyípadà rẹ̀ gbọ́dọ̀ lópin. Èyí tó bá ń sọ̀kalẹ̀ láìpadà sókè, bíi 1/(1+t), ti yege.